Òkúta Ààlà Kẹrin

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń jáde nílé ìwé wa ń pín ogún àwàdà fún àwọn àbúrò wọn, Síníọ̀ Adégbìtẹ́, olórí akẹ́kọ̀ọ́, ní: “Fẹ́hìntọ́lá ọmọ kíláàsì kìíní ni mo fi pòṣọ̀n koríko mi, ibi tí wọ́n pín fún mi láti máa ṣán, sílẹ̀ fún. Kó ṣán an tán lónìí!” Koríko ọ̀hún ga ju ọmọ náà lọ. Fẹ́hìntọ́lá kúnlẹ̀: “Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni nílẹ̀ ló ń fi ààlà hàn. Òkúta ààlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wá wọn.” Ọ̀gá ilé ìwé tó wà níbẹ̀ ní òótọ́ ni, ó ní kí wọ́n gbé àdá fún Adégbìtẹ́. Adégbìtẹ́ ṣán koríko títí, ó rí mẹ́ta; ó ṣán gbogbo ìyókù mọ́ tónítóní, kò rí ẹ̀kẹrin. Ó jágbe: “Ẹ̀kẹrin dà?” Fẹ́hìntọ́lá dìde níbi tó jókòó sí ní igun ilẹ̀ náà, ó gbọn aṣọ rẹ̀: “Òun ni mo jókòó lé, sà. Mo ń bá yín ṣọ́ ọ ni.”