Ìdí Tí Bàtà Inú Ilé Kò Fi Ní Ẹ̀yìn Mọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun tí ènìyàn wọ̀ ṣì ń bá a sọ̀rọ̀, kò sí bàtà inú ilé kan tí kò ní ẹ̀yìn. Awọ rẹ̀ a yí gìgísẹ̀ po, a sì dì í mú bí ìyá ti í di ọmọ mú. Àwọn ìyá àgbà ayé ìgbà náà a máa gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa bí wọ́n bá ń rìn.

Irú bàtà bẹ́ẹ̀ ni Màmá Àwẹ̀ní ní. Òun ló dàgbà jù nínú ilé, òun ló sì ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun tí wọ́n bí síbẹ̀. Bó ti wù kí omi dà sílẹ̀ tó, bó ti wù kí ọṣẹ yọ̀ tó, ọmọ kankan kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Àmọ́ àwọn ará ilé ní ìwà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sáré dé ẹ̀yìnkùlé, bàtà Màmá ni yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀. Kò ní wọ̀ ọ́ tán. Yóò fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì máa wọ́ ọ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ mí mọ́," Bàtà bẹ̀ wọ́n.

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre!" Ọlátẹ̀jú, àkọ́bí Màmá, dá a lóhùn. "Ìwọ bàtà arúgbó, òde wo lo fẹ́ lọ?"

Ọmọńlé tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí mà ń jìyà o! Èmi tí mò ń rìn lórí àjà, mi ò wọ nǹkan kan, mi ò sì já bọ́."

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn Bàtà rọ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí ewé tí wọ́n jókòó lé. Gìgísẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde. Ilẹ̀ tó ti ń tẹ̀ láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó nínú ilé náà wá di ohun tó ń fura sí. A fọwọ́ ti ògiri, a sì fi ìka ẹsẹ̀ wá ibi tó gbẹ. Dúróoríkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti yọ̀ ṣubú nínú yàrá ara rẹ̀ rí. Itan rẹ̀ kán. Kò tún dìde mọ́ lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ náà.

"Ọlátẹ̀jú, bàtà mi kò dì mí mú mọ́. Bá mi wá òmíràn."

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣebí inú ilé lẹ wà."

Bàtà tuntun tí Ọlátẹ̀jú fi ń lọ òde wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dán. Wọ́n ń ra bàtà fún ẹni tó ń lọ jẹun lóde. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló lórí omi ọṣẹ.

Móradéún, ìyàwó ilé, wá bímọ obìnrin. Nígbà tí wọ́n gbé omi kalẹ̀, Màmá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀: "Bàtà, dì mí mú lónìí nìkan."

"Màmá, kí ni kí n fi dì yín mú? Wọ́n ti tẹ ọwọ́ mi kán."

Màmá wẹ ọmọ tán, ó gbé e dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ, Bàtà yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá! Ẹsẹ̀ yín o!" Ọmọńlé kígbe.

Ọmọ figbe ta. Ìka ẹsẹ̀ Màmá ká kò, wọ́n di awọ náà mú gírígírí. Ó mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò ṣubú.

Móradéún ti sáré gba ọmọ rẹ̀. "Ẹ jókòó, Màmá. Láti òní lọ, èmi ni màá máa wẹ̀ ẹ́."

Màmá jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí kò ṣẹ̀.

"Ogbó ti dé nìyẹn," Ọlátẹ̀jú tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí.

"Irọ́ ni!" Bàtà bú jáde. "Ẹ̀yin ni!" Ó fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya, ó sọ ọ́ lu Ọlátẹ̀jú. "Ohun tí ẹ ń tẹ̀ nìyí. Ẹ gbà á!" Gbogbo bàtà inú ilé tó wà nílùú gbọ́, àwọn náà sì fa tiwọn ya.

Láti ọjọ́ náà ni bàtà inú ilé kò ti ní ẹ̀yìn mọ́, tí ìka ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà fi ká kò bí ọmọ ìka ẹyẹ lórí ẹ̀ka, tí wọ́n sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣàà, ṣàà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ ìró náà, ẹ má wí pé ogbó ló ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí a wọ̀ fún ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.