Aránfìlà Tó Fi Òwú Wọn Ojú Ọ̀run

Ọkùnrin kan wà ní Ìṣẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fìlà rírán. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bí ọkùnrin sí Vancouver, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Kánádà, ó sì ránṣẹ́ pé bàbá òun ni yóò kọ́kọ́ fi orúkọ pe ọmọ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kan gbé bàbá dé Lọ́ńdọ̀nù. Òmíràn ni yóò gbé e lọ bá ọmọ, ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje kìlómítà. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ.

Kí ó tó kúrò nílé, ó ti na òwú láti Lọ́ńdọ̀nù dé Vancouver lórí máàpù. Òwú gún rége, ó gba orí òkun kọjá. Àfi bó ṣe rí i nínú ọkọ̀ kejì, lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú rẹ̀, pé ọkọ̀ ń yà lọ sí òkè máàpù, síhà ibi tí ayé ti di yìnyín. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀, òkè lórí òkè, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà, kò sí èéfín kan ṣoṣo. "Ẹlẹ́dàá," ó ní, "ta lo ń fi èyí hàn?" Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òwú rẹ̀ gbà kọ́ nìyí.

Ó yíjú sí ọ̀dọ́bìnrin tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ jókòó tì í. "Ìyá ọmọ, òwú tó wà lápò mi yìí ni mo fi wọn ọ̀nà lórí máàpù, awakọ̀ yìí ti ṣìnà. Ẹlòmíràn ni yóò sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ."

"Bàbá, ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà yín ni, àbí ti orúkọ?"

"Méjèèjì ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá mú òwú rẹ̀ wá. Ó fi í sí òkè etí ọ̀tún ọmọ tó ń sùn, ó mú un gba iwájú orí yí dé òkè etí òsì, bàbá sì fi èékánná sàmì sí i. Lẹ́yìn náà ó mú òwú kan náà gba àtàrí kọjá. Ó dé òkè etí òsì, òwú ṣì ṣẹ́ kù kí ó tó kan àmì náà.

"Ayé náà, orí ni, Bàbá; ọ̀nà àtàrí rẹ̀ tó kúrú ni awakọ̀ gbà. Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n bí tábìlì."

Aránfìlà wo àmì èékánná rẹ̀. Àìmọye ọmọ iṣẹ́ ló ti nà pé wọ́n ń wọn orí bí ẹni wọn pákó. "Èmi náà rèé," ó ní. Ó ṣí fìlà rẹ̀ fún ohun tó wà nísàlẹ̀, kò sì dé e mọ́ títí yìnyín fi tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ orúkọ sí ọmọ náà létí. Kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, tí ọmọ rẹ kò tíì rìn, tí ti aládùúgbò ti ń sáré, tí o kò sùn mọ́: ká òwú rẹ kò. Ẹni tó ń gbé ọmọ náà bọ̀ mọ̀nà. Ibi tí o rò pé ó ti yà gan-an lè jẹ́ ọ̀nà àbùjá. Wo ojú fèrèsé. Ohun tí o kò ní rí mọ́ láé ló ń kọjá lọ yẹn.