Ilé tí Olóyèdé Kọ́ fún Pẹ̀lẹ́

Irọ́ ni Mùdá ń pa. Ẹ bá mi sọ fún un níbi tó bá wà. Ó ní igbá ẹ̀yìn ahun lásán ni wọ́n fi ń pa òwe ilé ahun yẹn. Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn dé Jẹ́bà, tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì torí pé ọgbọ́n tísà ti tán, ṣé èmi ni Mùdá máa kọ́ lówe? Ilé ìyá ìyá mi lọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀. Mo ti jókòó lórí òkìtì ilé ahun yẹn rí, tí mò ń jẹ àgbàdo sísun, tí ìyá àgbà ń fọwọ́ pa mí lórí.

Àṣàbí lorúkọ ìyá àgbà. Nígbà tó ń relé ọkọ lábúlé Ìdí-Ọsàn, ìyá tiẹ̀ ti kú. Ahun kan ṣoṣo ni ìyá náà fi sílẹ̀ fún un, Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Tí Àṣàbí bá ń lọ ata, Pẹ̀lẹ́ á wá lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ. Ìdí ìkòkò omi ló ń sùn, torí ibẹ̀ tutù.

Olóyèdé ọkọ rẹ̀ ní ahun ń dọ̀tí ilé, kó jáde. Bàbá Àṣàbí gbọ́, ó ránṣẹ́ pé: "Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Tí n ò bá rí ibi gidi tí ahun ìyàwó mi ń gbé, màá gbé e lọ."

Àṣàbí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ará abúlé bá wa gbẹ́ ilé fún un."

"Ọ̀wẹ̀, torí ahun? Kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré, kí wọ́n jẹ gbogbo iṣu mi tán?" Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ wọn.

Òun nìkan bá bẹ̀rẹ̀. Ó gbé Pẹ̀lẹ́ sókè, ẹ̀rù ba ahun, ó ká orí àti ẹsẹ̀ wọnú igbá, Olóyèdé wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ìbú rẹ̀, ó wọn gíga rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi amọ̀ bò ó, ó tún yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ahun wọ̀ ọ́ títí amọ̀ fi gbẹ.

Bàbá Àṣàbí dé tòun ti agbọ̀n. Ahun mìíràn ló wà nínú rẹ̀. "Abo ni. Pẹ̀lẹ́ ti dá gbé jù."

"Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi," ni Olóyèdé wí.

Wọ́n gbé Pẹ̀lẹ́ sílẹ̀. Ó yọ orí, ó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọlu òrùlé. Ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ, ó tún kọlù ú. Wọ́n gbé abo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdajì rẹ̀ wà níta.

Olóyèdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, kásẹ̀ kò."

"Tó bá kásẹ̀ kò, ṣé àyà ló máa fi wọ́ wọlé?" ni bàbá bi í. "Àna mi, ìgbà tẹ́rù bà á lo wọ̀n ọ́n. Ṣé ìgbà tẹ́rù bá ń bà á nìkan ni á máa gbélé ni?"

Ó kó ahun méjèèjì sínú agbọ̀n, ó kọjú sọ́nà. Àṣàbí ò sunkún. Ó kàn di etí agbọ̀n mú, kò fi sílẹ̀, ó ń bá a lọ.

Olóyèdé wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lára agbọ̀n yẹn títí. Ó bá figbe ta sí àwọn ará abúlé: "Ẹ gbé ọkọ́ wá o, ọ̀wẹ̀ ni. Iyán ń bẹ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹun."

Wọ́n gbẹ́ ilé tuntun dọ́jọ́rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni wọ́n ń fi Olóyèdé ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń fi ilé àkọ́kọ́ yẹn pòwe, òun náà ń gún iyán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ahun méjèèjì wọlé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ibẹ̀ ni mo bá wọn nígbà tí mo gbọ́njú. Òkìtì yẹn ò sí mọ́, ìyá àgbà ò sí mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ọlọ, mo ṣì máa ń wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: "Ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gbàlejò." Ìwọ tó o jókòó gbọ́ ọ, dìde, lọ ra àkàrà gbígbóná fún mi. Má ra ti àárọ̀, má sì bu fún Mùdá.