Ìtẹ́-Pádi Ọ̀jọ̀gbọ́n Lásebíkan

Iná sun àtẹ́lẹwọ́ Mùdàṣírù, ògbóǹtarìgì ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Egbò náà kọ̀, kò pa awọ dé, ìdí òfì sì di ohun tí ó ń wò láti ọ̀ọ́kán. Àwọn oníṣègùn mú un lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Lásebíkan, ẹni tí ń ṣe ìtẹ́-pádi. Awọ àtọwọ́dá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìtẹ́ yìí. Wọn a gbin pádi, àwọn hóró tíntìntín tí ó para pọ̀ di ara, sí orí rẹ̀. Bí awọ gidi bá sì ti hù, ìtẹ́ a jẹrà wẹ́rẹ́.

Afínjú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Lójú tirẹ̀, ohun tí yóò kan ara ènìyàn gbọ́dọ̀ dán bíi dígí. Wọ́n bu pádi lára Mùdàṣírù, àmọ́ gbogbo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbin ló yọ̀ dànù nígbà tí wọ́n ṣan án. Ìwọ̀nba tí ó kù kò ju ti ìgbìyànjú kan lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá da ìtẹ́ tuntun tí ń kọ mọ̀nà, ó ní eṣinṣin gan-an kò lè dúró lórí èyí.

Ìbídàpọ̀, obìnrin tí í ṣe igbákejì rẹ̀, rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Bí eṣinṣin kò bá ríbi dúró, kí ni pádi yóò gbá mú?”

Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí òun rẹ ìdajì ìtẹ́ sínú omi sódà tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò, kí ó lè jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n sì ṣan án mọ́, ó ti ṣú bàìbàì.

“O ti bà á jẹ́, ọmọ yìí,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Síbẹ̀, wọ́n pín pádi tí ó kù sórí apá méjèèjì.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ṣan ìtẹ́, wọ́n sì fi awò asọtíndiǹlá wò ó. Apá dídán ṣófo. Ní apá kejì, sódà ti gbẹ́ gegele àti kòtò tí kò tó ìdá ẹgbẹ̀rún ìbú fọ́nrán irun. Àwọn pádi ti na ọwọ́ tẹẹrẹ sí wọn, wọ́n so mọ́ wọn típẹ́típẹ́ bí ìtàkùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó tún un wò, ó sì ṣí fìlà fún igbákejì rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwádìí.

“Ìbídàpọ̀, ìwọ ni ọ̀gá lónìí. Ilé ni wọ́n ń wá. Dígí ni mo fún wọn.”

Pádi wọ̀nyẹn bí sí i, wọ́n bo ìtẹ́ mìíràn tí sódà ti jẹ lójú; àwọn oníṣègùn tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ Mùdàṣírù, egbò náà sì pa awọ dé. Ọjọ́ tí ó padà sídìí òfì, àwọn ahunṣọ àdúgbò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kì í, wọ́n ń kí Ìbídàpọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé: ẹni tí ń wá ohun dì mú, a kì í tẹ́ ilẹ̀ dídán fún un.