Ààyá Tó Lọ Gba Ìgbànú Ayé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ o!

—Àlọ̀!

Àlọ́ mi já wálẹ̀ gbì, ó bà lé Ààyá lórí, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ìlú àwọn ẹranko.

Ìnàkí ló ni ìgbànú akọni gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ààyá bá a du ìgbànú náà. Lẹ́ẹ̀kíní, agogo ìjà kò tíì dákẹ́ tí Ààyá ti nà gbalaja. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ wú débi pé ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ló ń wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró títí ìjà fi parí, síbẹ̀ Ìnàkí ló borí. Bó bá ń bọ̀ wálé, òun fúnra rẹ̀ ní í dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo lọ gba ìgbànú o,
—Jálankato.
Ẹ̀ṣẹ́ ni mo gbà bọ̀ o,
—Jálankato.

Ará ìlú á rẹ́rìn-ín, Ààyá náà á rẹ́rìn-ín, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ gbọgbẹ́.

Nígbà tó yá, Ẹkùn na Ìnàkí, ó gba ìgbànú. Ìnàkí tilẹ̀kùn mọ́rí, kò jáde fọ́jọ́ mẹ́ta. Ààyá lọ kanlẹ̀kùn.

Ìnàkí ní, "Ṣé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ ẹ̀ṣẹ́ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń rìn láàárín ìlú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nà án, èmi lọ̀gá yín níbẹ̀. Ẹ bọ́jú, ká lọ."

Ìnàkí bọ́jú, ó di Ààyá lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ gba àárín ọjà kọjá lọ́sàn-án gangan.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lọ́ mọ́ mi lẹ́nu.