Agolo Kan Láàárọ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, tó ń ṣe iṣẹ́ ọgbà lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Ìwé mẹ́rin péré ló kà kó tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni bàbá náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá náà ní igi odán kan tó gbìn sínú àwo amọ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn kan ń pe irú igi bẹ́ẹ̀ ní bónsáì. Igi aràrá ni bàbá ń pè é. Odán tó yẹ kí odidi àdúgbò rí ibòji sábẹ́ rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, nítorí pé ọdọọdún ni bàbá ń gé ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ níwọ̀nba. Síbẹ̀, ìdí rẹ̀ ti ki, gbòǹgbò bí irùngbọ̀n ti rọ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ka rẹ̀ bí ti àgbà odán. Ọjọ́ tí wọ́n bí Tinúadé, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá ní, ló gbìn ín. Tinúadé ti dàgbà, ó ti wọ ilé ọkọ, igi náà ṣì jókòó sínú àwo.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá na agolo mílíìkì kan sí i, ó ní, "Agolo kan láàárọ̀."

Ọkùnrin náà gbà á. Odidi ọdún mọ́kànlá ló fi ń bu omi sínú agolo náà láràárọ̀ tó ń gbé e fún bàbá. Bàbá á ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú iyẹ̀pẹ̀, á fi í síbẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà ni á da omi. Láàárọ̀ mìíràn, pàápàá nígbà òjò, bàbá á yọ àtàǹpàkò, á nu ún mọ́ ṣòkòtò, á sì dá agolo padà ní kíkún. "Gbé e lọ." Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín sínú. Lójú tirẹ̀, àgbà ti dé sí bàbá, ó ti ń gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Àtàǹpàkò tó ń tì bọ iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Ó rò pé bí bàbá ṣe ń kí igi rẹ̀ káàárọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, bàbá kú. Tinúadé wá sin ín láti Ṣakí, níbi tó ti ń gbẹ̀bí fún àwọn aboyún. Nígbà tí àwọn ẹbí tú ká, ó wá bá ọkùnrin náà lẹ́yìnkùlé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gbé odán yìí lọ sí Ṣakí. Ọgbà wà nílé wa, iṣẹ́ ò ní wọ́n yín. Gbogbo ohun tó kù níbí, ilé àti ẹrù lásán ni. Èyí nìkan ni mo lè wò kí n rí ọwọ́ bàbá mi lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kú."

"Kò ní kú lójú mi, mà," ni ọkùnrin náà wí.

Orí itan ló gbé igi náà lé títí wọ́n fi dé Ṣakí. Agolo náà wà lápò rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ tó sì mọ Ṣakí yóò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ìlú méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ní Ẹ̀pẹ́, aṣọ tí a sá láàárọ̀ lè tutù di ìrọ̀lẹ́. Ní Ṣakí, nígbà ọyẹ́, kí a tó sá aṣọ kejì tán, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là. Àwo amọ̀ tí igi náà wà nínú rẹ̀ sán létí. Ọkùnrin náà ń fún igi ní agolo kan láàárọ̀, kò fi ọjọ́ kan jẹ. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ń bomi rin ín?"

"Agolo kan láàárọ̀, mà. Bí bàbá ṣe sọ gẹ́lẹ́."

Tinúadé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa ewé tó já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kò sì dà á nù. Ó gbé e wọlé.

Ìyẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Lọ́jọ́ kejì, láìbi ẹnikẹ́ni, ó da agolo méjì. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ di mẹ́ta. Láàárín oṣù kan, igi rúwé tuntun, ewé tútù minijọ. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fi èédú fa ìlà mẹ́ta sára ògiri, kó má baà gbàgbé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mo ti rí i. Ọ̀kan ni ti Ẹ̀pẹ́, mẹ́ta ni ti Ṣakí."

Òjò wá dé. Òjò Ṣakí bá a lórí agolo mẹ́ta, kò sì yí padà. Aládùúgbò kan tó dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí i tó ń fi agolo da omi sí ìdí igi, tí òjò ń pa àti òun àti igi.

"Ọlọ́gbà! Ẹ bá mi bomi sí odò náà, ó lè má tíì yó!"

Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé òṣìṣẹ́ gidi kì í wo ojú ọjọ́. Ó lọ nu agolo rẹ̀.

Kò pẹ́, ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó rántí ìgbà ọyẹ́. Ó ní òùngbẹ ló tún dé. Ó sọ mẹ́ta di mẹ́rin. Àwo tó ti sán tẹ́lẹ̀ là sí méjì, ó sì lọ pe ìyá amọ̀kòkò kan kó wá wo irú àwo tó máa gba igi náà.

Ìyá náà kò tíì jókòó tó fi fa imú. Ó gbé igi náà sókè, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀.

"Ta ló ń pa igi yìí?"

"Òùngbẹ ni, Ìyá. Agolo mẹ́rin ni mo ti ń fún un báyìí."

Ìyá wo ojú ọ̀run tó ṣú, ó wo agolo, ó wá wo ojú ọkùnrin náà. "Ọkọ mi, tí àlejò bá wọlé rẹ, ṣé o kì í bi í bóyá ó ti jẹun, kí o tó ki òkèlè bọ̀ ọ́ lẹ́nu?"

"Igi ò lẹ́nu tí á fi dáhùn."

"Mú ọwọ́ wá." Ìyá di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, bí ẹni mú ọwọ́ ọmọ tó ń kọ́ amọ̀ mímọ, ó tì í bọ iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé. "Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó tutù."

"Láti ìgbà wo?"

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ọwọ́ ọkùnrin náà kò kan inú iyẹ̀pẹ̀ yẹn rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò nínú ẹrẹ̀, ó sì rí bàbá létí ọ̀sà, àtàǹpàkò nínú iyẹ̀pẹ̀, agolo kíkún tó ń bọ̀ wá sí ọwọ́ òun. Gbé e lọ. Ọdún mọ́kànlá. Bàbá kò gbàgbé nǹkan kan. Bàbá ń bi igi léèrè ni.

"Agolo ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mi ò gba àtàǹpàkò."

Àwọn méjèèjì ló jọ gé gbòǹgbò tó ti jẹrà. Ó ju ìdajì lọ. Wọ́n tún igi náà gbìn sí àwo tuntun, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Nígbà tí Tinúadé ti ibi iṣẹ́ dé, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó jẹ́ kó yé e pé kò sí ẹni tó lè sọ bóyá igi náà yóò yè.

Ó yè. Oṣù méjì kọjá kí ẹ̀yọ ewé kan tó yọ. Ẹ̀ka tó tóbi jù, ní apá òsì, kò padà mọ́. Igi náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di òní. Ọkùnrin náà fẹ́ gé òkú ẹ̀ka yẹn, Tinúadé ní kó fi í sílẹ̀. Láàárọ̀, èèyàn á rí i tó ń ti àtàǹpàkò bọ iyẹ̀pẹ̀. Ìgbà mìíràn, agolo méjì. Ìgbà mìíràn, á gbé agolo padà ní kíkún.

Ìwọ tí mo ń pa àkàwé yìí fún, mo mọ̀ pé èèyàn burúkú kọ́ ni ọ́. Ọlọ́gbà yẹn náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú igi lójoojúmọ́ ni igi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. O máa ń sọ pé bí bàbá rẹ ṣe tọ́ ọ ni ìwọ náà ṣe ń tọ́ ọmọ. Agolo ìlú bàbá rẹ nìyẹn. Nígbà tí àkọ́bí rẹ gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, o yí ìwọ̀n ìbáwí àti ìmọ̀ràn rẹ padà, ara ọmọ náà sì yá. Mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn kan náà ni o gbé fún àbúrò rẹ̀. Báyìí tí àbúrò yìí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé, ńṣe ni o tún ń fi kún un.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó bá a wí, kí o tó gbà á nímọ̀ràn, jókòó tì í. Bi í léèrè, kí o sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn. Ó lè jẹ́ pé ní kíkún ni wàá gbé agolo rẹ padà. Gbé e padà.