Aṣọ Ìbòmú Ìyá Aláàṣáà

Ní ìlú Òkè-Ìyeyè láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí kò mọ Ọ̀ṣúnyọmí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ yẹn. Ìyá Aláàṣáà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Tábà ni ó máa ń yan, á fi káún sí i, á sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí tí yóò fi kúnná. Àwọn tó mọ aáṣáà a máa sọ pé tirẹ̀ nìkan ló ń la àgbà lójú láàárọ̀. Bí ó bá ti jókòó ti ọlọ, yóò fi ọ̀já kékeré kan di imú àti ẹnu rẹ̀, nítorí pé aáṣáà kò mọ olówó rẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá sì ti dìde, yóò tú ọ̀já náà, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò sì fi kọ́ ara ògiri.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí Àwẹ̀ró tó rí oyún. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ẹbí ọkọ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọn kò sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí Akínbọ̀dé ọkọ rẹ̀ wá obìnrin mìíràn fẹ́. Ìyá Aláàṣáà ló dúró tì í gbágbágbá. "Ẹni tí yóò bá lé ìyàwó mi," ni ó máa ń wí, "kí ó kọ́kọ́ lé èmi." Inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, igbá kan náà ni wọ́n sì fi ń mu omi. Nígbà tí oyún wá dúró, ìyá ọkọ a máa fọwọ́ pa ikùn Àwẹ̀ró, a máa bá ọmọ inú sọ̀rọ̀ pé, "Tètè máa bọ̀ o. Èmi ni n óò fún ọ ní èémí."

Èémí tó ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ní Òkè-Ìyeyè, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé ni yóò rún ataare lẹ́nu, yóò wúre, yóò sì fẹ́ ẹ fùú sí ọmọ náà lójú. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí gígùn àgbà ló ń bá èémí náà wọ inú ọmọ. Ọmọ tí kò bá gba èémí, ojú àlejò ni wọ́n fi ń wò ó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ṣàìsàn, wọn a ní, "Ẹ ò rí i? Ṣebí a sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ ọjà kan ni nǹkan yí padà. Ìyá Aláàṣáà ti ọjà dé, ọ̀já wà nímú rẹ̀. Àwẹ̀ró rò pé ó gbàgbé ni.

"Ìyá mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ ò tíì tú aṣọ imú yín."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. Kò súnmọ́ ọn. Ó mú igbá kan lórí pẹpẹ, ó fi èédú fa ìlà sí ìdí rẹ̀, ó ní, "Igbá mi nìyí láti òní lọ. Ẹnikẹ́ni má fi mu omi." Lẹ́yìn náà ó ká ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá tó kángun sí ti Àwẹ̀ró, ó lọ tẹ́ ẹ sínú ahéré tí wọ́n ń kó tábà sí lẹ́yìnkùlé.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó bi í pé kí ni òun ṣe. Ìyá ní kò ṣe nǹkan kan. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni.

"Kò tíì sí nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ "kò tíì" yìí ló gún Àwẹ̀ró lára. Kí ló ń bọ̀ tí kò tíì dé? Ó gbé e sọ́kàn títí ó fi sú u, ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Láníhùn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ìyá Láníhùn bojú wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àfọ̀ṣẹ?"

"Mo máa ń gbọ́ ọ, Ìyáalé mi."

"Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi í sí. Ohunkóhun tí ẹnu bá sọ ni yóò ṣẹ. Ẹni tó bá fi í sẹ́nu kì í la ẹnu lásán. Ṣé ó ń la ẹnu?"

"Aṣọ ò jẹ́ kí n rí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìyá Láníhùn mọ̀ pé ibi tó bá ti dákẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń le.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ikọ́ wọ ìlú. Ọ̀fìnkìn ló fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí òjò pa. Tó bá yá, ara á gbóná, àyà á há, ẹni náà á máa wúkọ́ títí. Ọ̀pọ̀ alágbára ló dìde níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ kò rọ́nà lọ. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn óò di ẹ̀bi náà rù. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́kọ́ bo imú? Ṣé ikọ́ ti wà nílùú nígbà náà?" Wọ́n á ní kò sí. "Ta ló wá sọ fún un pé ó ń bọ̀?" Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn, ohun tí kò bá sì ní ìdáhùn, ẹnu ayé kì í jẹ́ kó ṣófo. Ẹni tó ń ra aáṣáà lọ́wọ́ ìyá kò rà á mọ́. Àwọn mìíràn bá a pàdé lọ́nà, wọ́n yà sínú koríko.

Àwẹ̀ró náà kò yé ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìyá lọ sódò lọ́jọ́ kan, ó yọ́ wọ ahéré. Ìkòkò kan ń hó lórí ààrò, ọmọrí wà lórí rẹ̀. Ó ṣí i. Kò sí ewé níbẹ̀, kò sí egbò. Ọ̀já imú ni, mẹ́ta, tí ń yí po nínú omi eérú. Ká ní egbò ló bá níbẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ ì bá tilẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, torí ta ni kò mọ àgbo? Ṣùgbọ́n ta ni í se aṣọ bí ẹni ń se ẹ̀fọ́? Ó dé ìkòkò padà, ìbẹ̀rù tó gbé jáde sì ju èyí tó gbé wọlé lọ.

Nígbà tó bímọ, ọmọkùnrin ni. Gbogbo ilé hó yèè. Ìyá Aláàṣáà nìkan ni kò wọlé. Ẹ̀yìn fèrèsé ló dúró sí.

"Ṣé ó ké?"

"Ó ké, Ìyá mi."

"Ṣé ó pupa ni, àbí ó dúdú bíi bàbá rẹ̀?"

"Ẹ wọlé, ẹ wá wò ó."

Ìyá tún ọ̀já imú rẹ̀ dì. "N óò wò ó. Kì í ṣe báyìí." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Àwẹ̀ró kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín, nítorí kò sí ẹni tó lè ka ojú ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ó dùn ún wọ eegun. Obìnrin tó bá a tọrọ ọmọ kò fẹ́ fojú kan ọmọ.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Aláàṣáà pé kó wá fún ọmọ ní èémí. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ imú rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi ataare kan ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ wúre. Ẹ má fẹ́ ẹ."

Ariwo sọ. Baba Ajíbógun, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, tí òun ló tún dàgbà tẹ̀lé e nínú ilé, na ọwọ́ sókè. "Ìyàwó wa, kí ló dé tí a ò ní fẹ́ ẹ?"

"N ò lè sọ pé mo mọ̀."

"Ẹni tí kò bá mọ̀, kó fìdí mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ataare náà fún mi." Bàbá jù ú sẹ́nu, ó ń rún un. Ó tẹ̀ síwájú. Ikọ́ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì. "Atẹ́gùn òwúrọ̀ ni," ni ó wí, ó sì tẹ̀ba sórí ọmọ.

Ìyá Aláàṣáà kó sí àárín wọn. Ó na apá méjèèjì, ó fi ẹ̀yìn sí ọmọ.

Gbogbo ohun tí Àwẹ̀ró ti ń dì sínú já. Kò fẹ́ fún ọmọ òun ní èémí, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fún un! Ó nawọ́, ó di ọ̀já náà mú, ó fà á ya kúrò lójú ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìyàwó kan kò ṣe irú rẹ̀ rí ní Òkè-Ìyeyè. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò na ọrùn kó lè rí ohun tó wà lábẹ́ ahọ́n. Ẹnu arúgbó lásán ni, pẹ̀lú eyín tó ṣẹ́ kù, ètè tó ti bó, àti ipa okùn ọ̀já ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Kíá ni ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láṣọ mi. Ọmọ wà nítòsí."

Kò ṣépè. Kò bi Àwẹ̀ró pé kí ló dé tó fi ṣe òun bẹ́ẹ̀. Ọmọ nìkan ló ń wí. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, kí lẹ fi pamọ́ fún wa?"

Ojú ìyá kò kúrò lára ògiri. "Lọ́jọ́ ọjà ọjọ́sí, àwọn alájàpá kan wá ra aáṣáà lọ́wọ́ mi. Mo mọ bí aáṣáà ṣe ń mú èèyàn sín. Á kọ́kọ́ fà á símú, á dúró, imú á yún un, kó tó wá sín. Àwọn wọ̀nyí ń sín kí n tó ṣí àdó! Wọ́n sín sí mi lójú, wọ́n sín sí mi lẹ́nu. Mo ní, sísín yìí kì í ṣe ti aáṣáà. Ti kí ni? N ò mọ̀. Ṣé ó ti wọ èmi náà lára? N ò mọ̀. Ẹ̀yin ń fura sí mi. Èmi náà, ara mi ni mò ń fura sí. Ìyàwó mi sì wà nílé pẹ̀lú oyún tí a fi omijé tọrọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" ni Akínbọ̀dé bi í.

"Kí ni n bá sọ, ọmọ mi? Pé mo rí ẹni tó ń sín? Aláàṣáà ni mí. Kí ni mo tún máa ń rí?"

Baba Ajíbógun bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí sísín!" Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì fẹ́ tán.

Àwẹ̀ró wo ẹni tó kọjú sí ògiri, ó wo ẹni tó ya ẹnu pẹ̀lú ataare. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ìyẹ̀wù, ó padà jáde. Ó ya etí gèlè orí rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dì í mọ́ ọn nímú.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ dákun, ẹ wúre láti ibi tí ẹ wà yẹn. Elédùmarè kò dití."

Inú bí bàbá. Ó tu ataare sí ojúde, ó jáde lọ. Ilé ẹbí kan tó ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kan náà ló gbà lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kó fún ọmọ ní èémí. Kí ọjà mìíràn tó ná, bàbá ti dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọmọ tó fẹ́ èémí sí lójú yẹn kò pé oṣù kan láyé. Kò sí ẹni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín ní ilé Aláàṣáà. Àwẹ̀ró sunkún ọmọ náà bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni, torí ó mọ bó ṣe kù díẹ̀ tó.

Nígbà tí ìlú rí i pé ikọ́ kò wọ yàrá Àwẹ̀ró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìyá Láníhùn ló ṣáájú.

"Ìyá wa, ẹ dákun, oògùn wo lẹ lò?"

"Ìfura ni."

"Ṣé ewé rẹ̀ ni, àbí egbò?"

Ìyá rò pé ó ń ṣàwàdà, ó kọrí sídìí ọlọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ya wọ inú igbó. Ọdẹ kan kó èèpo igi kan wá, ó ní ìfura pupa nìyẹn, wọ́n rà á, wọ́n sè é mu, inú run wọ́n. Lásìkò yìí, Àwẹ̀ró wà lẹ́yìnkùlé, ó ń se ọ̀já bí ẹni ń se ẹ̀fọ́.

Ikọ́ wá kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ ti ń rá nígbà tí Ìyá Aláàṣáà tú aṣọ imú rẹ̀. Àwọn èèyàn pé jọ. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò ó títí omijé fi bọ́. Ó rún ataare, ó wúre, ó fẹ́ ẹ fùú. Ọmọ náà sín.

Gbogbo agbo fò sẹ́yìn. Ẹni tó ní gèlè fà á bo imú, ẹni tó ní ìborùn fi í bo ẹnu, Ìyá Láníhùn gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè kó tó rántí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀ tí eruku ọlọ ṣì wà lára ìka rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí, aáṣáà ni!" Ó wá gbójú sókè, ó wò wọ́n yíká bí wọ́n ti bo imú wọn. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ aṣọ yẹn kalẹ̀. Ìfura tí ẹ wá lọ sínú igbó nìyẹn, ọwọ́ yín ló ti wà."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Òkè-Ìyeyè kò ti wá a nínú igbó mọ́, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ìfura loògùn àgbà.